Ẹ Má Náwó Yín Sófo Lórí Àtúnṣe Ìdìbò: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Wa ní Àbújá

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Iṣẹ́ mi ní Àbújá níbí ni láti kọ́ àwọn tó ń mójú tó ìdìbò, kí n sì bá àwọn ẹgbẹ́ kọ ìwé tí wọ́n máa gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin. Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́ báyìí, àwọn ọmọ wa á rọ́ dé láti Èkó, Ìbàdàn àti Ìlọrin, ara wọn á ti yá gágá, owó díẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, owó ti tán, kò sì sí ìlà kan nínú òfin tó yí padà. Ẹ ti mọ INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń dìbò, mi ò ní padà sórí ìyẹn.

Àṣìṣe èkíní ni pé ẹ máa ń dúró títí ìdìbò á fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari kọ̀ láti fọwọ́ sí àbá òfin ìdìbò. Ohun tó sọ ni pé ìdìbò 2019 ti súnmọ́ jù, òfin tuntun lè da nǹkan rú. Ẹ fara mọ́ ọn o, ẹ ò fara mọ́ ọn o, àwíjàre náà wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ lò ó. Àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 2001 pàápàá ní kí orílẹ̀-èdè kankan má ṣe àyípadà ńlá sí òfin ìdìbò rẹ̀ nígbà tó bá ti ku oṣù 6, àfi bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olóṣèlú bá gbà. Òfin tí Buhari padà fọwọ́ sí jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022, ọdún kan géérégé ṣáájú ìdìbò ààrẹ. Gbàrà tí ìdìbò kan bá ti parí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn, nígbà tí ojú àwọn aṣòfin ò tíì sí lára ìbò.

Ìkejì ló ń dùn mí jù: ẹ ń gbé ariwo wá, ẹ kì í gbé ìwé wá. Mo wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan tí ìgbìmọ̀ aṣòfin kan ń gbọ́ tẹnu ará ìlú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó sọ̀rọ̀ débi pé gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un: wọ́n ń jí ìbò wa, ìyà ń jẹ wá, ẹ bá wa tún un ṣe. Alága ìgbìmọ̀ náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé abala wo ló fẹ́ kí wọ́n tún ṣe, kí ló sì fẹ́ kí wọ́n kọ dípò rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó bá a wá. Kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn. Owó bọ́ọ̀sì, owó báńà, owó oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀ síbẹ̀. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ò rí nǹkan kan kọ sílẹ̀, wọ́n sì pe ẹni tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbólóhùn kan lè ṣe hàn yín. Abala 60, ìlà 5, nínú òfin ìdìbò 2022 tí wọ́n lò fún ìdìbò 2023, ní kí ọ̀gá ibùdó ìdìbò fi èsì ránṣẹ́ ní ọ̀nà tí àjọ INEC bá là sílẹ̀. Kò sọ pé dandan ni kó jẹ́ orí ẹ̀rọ. INEC ló wá kọ ọ́ sínú ìlànà tirẹ̀ pé kí wọ́n fi BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, ya fọ́tò EC8A, fọ́ọ̀mù èsì ibùdó ìdìbò, kí wọ́n sì gbé e sórí IReV, ìkànnì ayélujára tí ará ìlú ti lè wo èsì. Ó ṣiṣẹ́ ní Èkìtì ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀ṣun ní oṣù Keje, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, èsì ìdìbò ààrẹ kò gòkè lásìkò. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, wọ́n dájọ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá pé àìrí èsì lórí IReV kò tó ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ fagi lé ìdìbò. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá nínú àbá òfin, ní ìlà dé ìlà, kó tó di òfin.

Ìwé tí wọ́n máa ń kà kì í gùn. Ẹ kọ ohun tí òfin sọ sí apá kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀ sí apá kejì, bí ẹ ṣe fẹ́ kó wà nínú òfin gẹ́lẹ́. Kí àlàyé tẹ̀ lé e ní ìlà díẹ̀. Kó sì ti dé ọwọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ kí ọjọ́ ìjókòó tó pé.

Kí ẹ sì kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òfin ìdìbò lẹ fẹ́ yí padà tàbí ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí èèyàn lè dá dúró díje láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú, ìwé òfin orílẹ̀-èdè nìyẹn. Bí ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá bá tiẹ̀ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta gbà á, ó ṣì gbọ́dọ̀ kọjá ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Kí wá ni ẹ ń fi gbogbo owó yín gba yàrá ní Wuse, láàárín Àbújá, fún? Ẹ wọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja, Lafia, Minna àti Ìlọrin. Ọ̀nà yẹn ni òfin tó dín ọjọ́ orí olùdíje kù ní ọdún 2018 gbà kọjá.

Ìkẹta: ẹ mọ ibi tí Àbújá parí sí. Ẹgbẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ sí Mararaba láti rọ àwọn èèyàn kí wọ́n jáde dìbò káńsù. Ìyá oníẹ̀wà kan fa káàdì ìdìbò rẹ̀ yọ nínú pọ́ọ̀sì, ó na án sí wọn: Nasarawa ló wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú ló ń sùn ní Mararaba àti Masaka, ìpínlẹ̀ Nasarawa sì ni, bí Suleja àti Madalla ṣe jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Niger. Àjọ ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. Káńsù 6 tó wà lábẹ́ Àbújá ni AMAC (káńsù àárín ìlú), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji, INEC ló sì ń ṣe ìdìbò wọn. Bí ẹ bá ń wá olùdìbò káńsù, Nyanya, Kubwa, Lugbe àti Zuba ni kí ẹ lọ.

Ẹ má tẹ ìwé pélébé ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan gbé lọ sí Kwali. Gbagyi àti Haúsá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ẹ má náwó sórí T-shirt: T-shirt kì í dìbò.

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni kó káàdì ìdìbò pamọ́, ì báà jẹ́ ojú àánú lẹ fi ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin: ẹni tí wọ́n bá ká káàdì mọ́ lọ́wọ́ láìbófin mu lè san owó ìtanràn tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n.

Ẹ tún ń ná gbogbo owó sórí ìforúkọsílẹ̀. Olùdìbò 93,469,008 ló wà nínú ìwé INEC fún ìdìbò 2023, àwọn tó sì jáde tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún kò ju bíi mílíọ̀nù 25 lọ. Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ tí wọn ò jáde ló yẹ kí ẹ kan ilẹ̀kùn wọn. Ní ọdún 2021, ibùdó ìdìbò kúrò ní 119,974, ó di 176,846, wọ́n sì gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí ibùdó tuntun. Ẹ bá aládùúgbò yín wo ibi tí orúkọ rẹ̀ wà kó tó di ọjọ́ ìdìbò.

Àwọn alámòójútó tó máa ń kúrò lágogo méjì ọ̀sán ńkọ́? Ìdìbò ò tíì parí nígbà yẹn. Ìṣírò èsì ni iṣẹ́ yín gan-an. Ẹ dúró títí àgùnbánirọ̀ tó ń bójú tó ibùdó náà á fi ka ìbò tán, táá fi kọ EC8A, tí àwọn ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ òṣèlú á fi fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ lè ti ṣú, kó jẹ́ iná fóònù ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Bí wọ́n bá lẹ EC60E, ìwé èsì tí gbogbo ará ìlú lè kà, mọ́ ògiri, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí gbogbo nọ́ńbà hàn, pàápàá iye àwọn tí BVAS yẹ̀ wò, nítorí bí ìbò bá ju iye yẹn lọ, wíwọ́gi lé ni. Kí ẹnì kan nínú yín sì tẹ̀ lé èsì náà dé wọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n ti ń kọ EC8B, fọ́ọ̀mù èsì wọ́ọ̀dù, kó fi nọ́ńbà méjèèjì wé ara wọn.

Lẹ́yìn ìdìbò, ẹ máa ń tú ká. Alága 6 àti kánsẹ́lọ̀ 62 ló wà ní Àbújá, ẹ kì í sì í béèrè ìwé ìṣúná lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn. Òfin 2011 lórí òmìnira ìròyìn fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ẹ kọ lẹ́tà ojú ewé kan, ẹ dárúkọ òfin náà nínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sórí èyí tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé.