Ẹ Má Fi Àánú Pín Commit Access

Láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù ní Ilé-Ifẹ̀, láti inú ọgbà OAU títí dé Lágere, gbólóhùn kan wà tó máa ń já ilẹ̀kùn commit access, ìyẹn àṣẹ láti fi kóòdù sínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe fúnra ẹni: "Ọmọ wa ni." Kò sẹ́ni tó ní kì í ṣe ọmọ wa. Ta ló ti ka kóòdù rẹ̀?

Èyí tó burú jù ni kí èèyàn gbé àṣẹ fún ẹlòmíì nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé sí xz nìyẹn, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ lórí Linux. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá tọ́jú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ní 2021, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe gidi ránṣẹ́. Nígbà tó di 2022, àwọn orúkọ tí a kò mọ̀ rí ń yọ olùtọ́jú náà lẹ́nu pé ó ń falẹ̀, kó gbé e fún ẹlòmíì. Ó gbà, ó fún Jia Tan láṣẹ. Ní oṣù kejì 2024, ẹ̀dà 5.6.0 jáde pẹ̀lú ọ̀nà ẹ̀bùrú (backdoor) nínú rẹ̀. Andres Freund, ara àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ètò ìtọ́jú dátà, ló tú u fó ní oṣù tó tẹ̀ lé e, torí pé ssh, ètò tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tó dùn mí jù: apá tó ń jí iṣẹ́ ibi náà dìde kò sí nínú git, ibi tí gbogbo èèyàn ti lè rí àtúnṣe kóòdù, rárá; inú tarball, àpò fáìlì tí wọ́n dì gbé jáde fún aráyé, ló wà. Nítorí náà, ẹ má ṣe da ẹ̀tọ́ àtigbé ẹ̀dà jáde pọ̀ mọ́ commit access. Ó lágbára jù ú lọ.

Àṣìṣe tiwa gan-an ni ti ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n fi kóòdù ránṣẹ́, àbúrò ò ì tíì kà á dé ìdajì tó ti kọ "Ó dáa, sà." Ẹ kí ẹ̀gbọ́n dáadáa, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ohun tí ìlà yẹn ń ṣe.

Ẹ má sì há àṣẹ yìí mọ́wọ́ ẹnì kan. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Sókótó láti ṣe agùnbánirọ̀, ta ni yóò merge, kó da kóòdù tuntun pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀? Ẹni tó ti kúrò, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìjà. Lẹ́yìn náà, ẹ ti main, ojúlówó ẹ̀ka kóòdù náà, pa, kó jẹ́ pé bí ẹlòmíì kò bá fọwọ́ sí i, tọ̀gá pàápàá kò ní wọlé.