Òpó nínú ọ̀sà Àjàṣẹ́: ìdí tí ìṣirò àwòṣe kékeré fi ń dàrú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí omi ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) ṣe ń mi òpó igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ilé dúró ní Àgùégué, àwọn abúlé orí omi tó wà nítòsí ibẹ̀. Ìṣirò kíkún máa ń gba odidi òru, ìdí nìyẹn tí mo fi fi POD (ọ̀nà tó ń yọ àwọn àpẹẹrẹ tó ṣe pàtàkì jù, tí wọ́n ń pè ní mode, láti inú àkójọ ìṣirò kíkún) ṣe àwòṣe kékeré tó ń yára ṣírò. Nínú afẹ́fẹ́, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí mo ṣe fi omi rọ́pò afẹ́fẹ́, ìfúnpá ń fò sókè sódò títí gbogbo rẹ̀ fi dàrú. Mo dín ìgbésẹ̀ àkókò (iye àkókò tí ìṣirò ń sún síwájú lẹ́ẹ̀kan) kù, ó sì tún burú sí i.

Ìdáhùn: Àbúrò, ohun tí o sọ kẹ́yìn yẹn ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà: ó jọ pé POD kọ́ ló ń da iṣẹ́ rẹ rú. Òpó tó bá ń mì gbọ́dọ̀ máa ti omi tó yí i ká, omi náà yóò sì dà bí ara ìwúwo rẹ̀. Bí òpó náà bá rí róbótó, ẹrù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo omi tí òpó lé kúrò ní àyè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹrù náà kò fi já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n igi sábà máa ń fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà ẹrù omi lè ju ìwúwo òpó fúnra rẹ̀. Bí o bá ń ṣírò omi, tí o wá ṣírò òpó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe yóò máa ga sí i. Àwọn olùwádìí Causin, Gerbeau àti Nobile fi ìṣirò ṣàlàyé èyí ní 2005.

Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, máa lọ máa bọ̀ láàárín omi àti òpó títí ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn yóò fi bára mu, kí o sì jẹ́ kí ọ̀nà Aitken, tó ń wo àṣìṣe àwọn ìyípo tó kọjá, máa yan ìwọ̀n àtúnṣe fún ọ. Kọ́kọ́ dán an wò lórí ìṣirò kíkún.

Ìbéèrè: Ó ti dúró báyìí, ẹ ṣeun. Nínú àwòṣe kékeré, eré omi (bó ṣe ń yára ṣàn) tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìfúnpá ṣì ń yàtọ̀ sí ti ìṣirò kíkún.

Ìdáhùn: Èyí gan-an ni ti POD. Fi supremizer kan (mode eré omi àfikún tí a ṣe láti inú mode ìfúnpá, kí ìfúnpá lè dúró) kún àwọn mode eré omi fún mode ìfúnpá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wo àkójọ ìṣirò kíkún rẹ: bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan lo kó sínú rẹ̀, àwòṣe náà kò lè mọ ohun tí òpó ń rí nígbà tí odò Wẹ̀mẹ̀ (Ouémé) bá kún.