Bí mo ṣe to dẹ́ẹ̀kì Premodern mi, àti káàdì kan ṣoṣo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí

Ẹni tó sọ fún mi pé káàdì àtijọ́ tó ti gbó kì í wọ́n, Ọlọ́run ń rí i o. "Owó táṣẹ́rẹ́ ni, o ò ní mọ̀ ọ́n lára." Mo mọ̀ ọ́n lára o, káàdì ẹyọ kan jẹ owó ju gbogbo ìyókù lọ, ó tún wá gba sùúrù mi mọ́ ọn.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, Magic: The Gathering ni mò ń sọ, eré káàdì tí Richard Garfield ṣe tó jáde ní 1993, tí oníkálukú ń to dẹ́ẹ̀kì tiẹ̀, ìyẹn àkójọ káàdì tó fi ń ta á. Premodern wá ni ìlànà ìtayò ti àwa tá a fẹ́ràn tàtijọ́: káàdì tó jáde láti ìtẹ̀jáde tí wọ́n ń pè ní Fourth Edition ní 1995 títí dé Scourge ní 2003 nìkan la gbà, torí ọdún 2003 yẹn náà ni Eighth Edition dé tí wọ́n yí ojú káàdì padà. Àwọn dual land olówó gọbọi, ìyẹn káàdì ilẹ̀ tí ẹyọ kan ń mú oríṣi mana méjì wá (mana ni agbára tá a fi ń lo káàdì), ò sí nínú Fourth Edition, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé àpò mi máa sinmi.

Dẹ́ẹ̀kì aláwọ̀ pupa ni mo tò. Jackal Pup, Mogg Fanatic, Lightning Bolt, Ball Lightning, Fireblast, Mountain (káàdì ilẹ̀ tó ń mú mana pupa wá) rẹpẹtẹ, púpọ̀ nínú wọn wà nínú páálí mi tẹ́lẹ̀, etí wọn ti funfun torí ìgbà yẹn ta ló mọ sleeve, ọ̀rá tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀, orí ilẹ̀ la ti ń ta á.

Wàhálà dé nígbà tó ku Cursed Scroll. Inú ìtẹ̀jáde Tempest ti 1997 ló ti wá, ó sì wà lára Reserved List, ìyẹn àwọn káàdì tí ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn ò ní tẹ̀ mọ́, nítorí náà iye tó wà nílẹ̀ náà la ó máa pín mọ́ ara wa lọ́wọ́. Mo rí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta ẹyọ kan, ó ní ó ti gbó díẹ̀, owó ẹ̀ sì rọjú díẹ̀, mo sanwó.

Nígbà tó dé, mo kàn ń wò ó ni. Gbogbo etí ẹ̀ ló funfun, ọgbọọgba, yípo, bí ìgbà téèyàn fi gẹ́lẹ́pépà ha á. Káàdì téèyàn ta gbó kì í rí bẹ́ẹ̀ jàre, igun tí ọwọ́ ń dì mú ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ á sì ha níbi tó ti ń fara gbo tábìlì. Mo wá gbé gíláàsì kékeré táwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń wo nǹkan, mo mú Mountain Tempest kan sún mọ́ ọn, torí ta ló máa jókòó ṣe ayédèrú Mountain? Lẹ́yìn Mountain yẹn, nínú róbótó aláwọ̀ ewé tó wà láàárín, àmì pupa mẹ́rin tó ṣe bíi lẹ́tà L hàn ketekete. Ti Scroll ò ní nǹkan kan tó jọ L. Mo yí i sójú, lẹ́tà dúdú tó yẹ kó dúdú pátápátá jẹ́ kìkì àmì tóótòòtó tí wọ́n kó jọ. Ayédèrú pọ́ńbélé!

Mo kọ̀wé sí i, ó ní "ó ti gbó ni, ìyẹn ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀." Gbígbó ló ń ṣe àmì L dànù? Ó wá ní kí n ya fọ́tò wá. Ẹ wá wo èmi tí mò ń fi ọwọ́ kan di gíláàsì mú, ọwọ́ kejì di fóònù mú, tí mi ò sì gbọdọ̀ mí, torí bí mo bá mí pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ á tún ṣú. Mo yà á títí ó fi mọ́, mo to Mountain sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó lè fi wéra, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó dá owó padà, owó ìfìránṣẹ́ ò sì sí níbẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé gbígbó yẹn gan-an làwọn oníjìbìtì ń sá sí lábẹ́. Tí káàdì bá ń dán, gbogbo wa la máa yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá ti gbó báyìí, àá ní "ó ti jìyà, ẹ fi í sílẹ̀." Ní tèmi o, mi ò ní sanwó káàdì Reserved List mọ́ láì rí fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì yà, ẹni tó bá ń bínú kó máa gbé tiẹ̀ lọ.

Èyí tí mo padà rà wá rí jágajàga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ti ká láàárín, ẹnì kan sì ti fi bírò kọ lẹ́tà méjì sí i létí, ṣùgbọ́n àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé síbẹ̀. Sleeve tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣú dúdú ni kẹ́ ẹ rà o, torí tí ìká yẹn bá hàn, ó dà bíi pé ẹ sàmì sí i kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n á ní ẹ ń ṣe màgòmágó.

Dẹ́ẹ̀kì náà sì ń ṣiṣẹ́! Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹ̀mí mẹ́rin ló kù fún ẹni tá a jọ ń ta á, ó ti ń rẹ́rìn-ín torí mi ò ní mana kankan nílẹ̀, mo fi Mountain méjì rúbọ dípò mana, mo ju Fireblast lù ú, ó parí. Wọ́n ní Scroll kan ò tó irú dẹ́ẹ̀kì yìí, kí n wá òmíràn kún un. Kí wọ́n máa wí o.