Tíkẹ́ẹ̀tì Kọ́ Ló Ń Jẹ Yín Lówó: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Wakọ̀ Lọ Wo Raptors ní Toronto

Láti ìgbà tí Grizzlies ti kó kúrò ní Vancouver lọ sí Memphis lọ́dún 2001, Raptors nìkan ló kù ní Kánádà fún NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà. Láti Buffalo ní Amẹ́ríkà dé Toronto, ìrìn bíi wákàtí méjì ni bí bọ́dà bá rọrùn. Ọ̀nà tí mo ti ń rìn tipẹ́ ni, inú sì máa ń bí mi sí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá tíkẹ́ẹ̀tì tó fi dọ́là díẹ̀ dínwó, wọ́n á wá da ìlọ́po rẹ̀ nù sójú ọ̀nà.

Èkíní, ẹ kì í wo ìwé yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ní green card, ìyẹn ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, ò nílò físà Kánádà, ṣùgbọ́n káàdì náà àti páásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ físà Amẹ́ríkà nìkan ló ní gbọ́dọ̀ gba ti Kánádà pẹ̀lú, ì báà jẹ́ alẹ́ kan péré ló fẹ́ lò. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi rí pé ó mutí yó wakọ̀, wọ́n lè dá a padà ní bọ́dà. Bí ẹ bá ń mú ọmọ lọ láìsí òbí rẹ̀ kejì, ẹ gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda.

Èkejì, igbó tí wọ́n ń mu. Láti ọdún 2018 ni òfin Kánádà ti fàyè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé e kọjá bọ́dà, ní àlọ tàbí ní àbọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí fóònù darí yín sí Whirlpool Bridge, ọ̀kan lára àwọn afárá bọ́dà. Àwọn tó ní NEXUS, káàdì àwọn arìnrìn-àjò tí ìjọba ti yẹ̀ wò ṣáájú, nìkan ló wà fún.

Ẹ̀kẹrin ló ń dùn mí jù: wíwa ọkọ̀ wọ àárín Toronto lálẹ́ ìdíje. Inú ilé lèèyàn lè gbà láti Union Station, ibùdó rélùwéè àárín ìlú, dé Scotiabank Arena tí Raptors ti ń gbá bọ́ọ̀lù, òjò dídì ò ní kàn án lórí. Síbẹ̀ àwọn èèyàn á gba òpópónà Gardiner ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń darí sílé, wọ́n á wá bá ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ti fowó lé owó nítorí ìdíje. Mo bẹ ìdílé kan pé kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní Burlington, ìlú tó wà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé Toronto, kí wọ́n wọ rélùwéè. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ wàhálà rélùwéè. Owó ìgbọ́kọ̀sí wọn ju owó tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ wọn lọ, abala kìíní ti ń parí lọ kí wọ́n tó jókòó, nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì parí, inú gáréèjì abẹ́ ilé ni wọ́n há sí. Ó dùn mí wọra, torí ọmọ yẹn ti ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ náà tipẹ́.

Ẹ gba òpópónà QEW dé Burlington tàbí Oakville, ẹ gbọ́kọ̀ sí ibùdókọ̀ GO, rélùwéè agbègbè Toronto. Ọ̀fẹ́ ni. Rélùwéè Lakeshore West á gbé yín tààrà dé Union. Lópin ọ̀sẹ̀, dọ́là Kánádà 10 ni tíkẹ́ẹ̀tì GO tí ẹ lè fi lọ fi bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ ò sì ní sanwó. Ẹ ṣáà mọ aago tí rélùwéè tó kẹ́yìn ń gbéra.

Ní Burlington yẹn náà ni fóònù á ti máa pè yín sí 407, òpópónà tí wọ́n ń sanwó gbà. Ẹ má dá a lóhùn! Ẹ ò ní rí ẹni tó ń gbowó níbẹ̀. Kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀, ìwé owó á wá bá yín nílé. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ háyà, ẹni tó ni ín lè bu tirẹ̀ lé e. Àríwá ìlú sì ni 407 gbà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ adágún Ontario, ní gúúsù, ni ẹ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ eré sísá ńkọ́? 100 tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà, kìlómítà ni. Ẹni tó bá kà á sí máìlì ti ń sá 160. Ontario kì í fojú kékeré wo ẹni tó fi 50 kọjá òfin: lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á gba ọkọ̀ fún ọjọ́ 14, tí wọ́n á sì gba láísẹ́ǹsì fún ọjọ́ 30.

Bí ẹ̀rọ ìsanwó bá bi yín bóyá dọ́là Amẹ́ríkà ni kó fi ṣírò, ẹ ní rárá. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì sínú fóònù nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ lórí afárá. Ẹ sọ fún ẹni tó yá yín lọ́kọ̀ pé Kánádà lẹ ń lọ.

Ẹni tí owó rẹ̀ ò bá ká Raptors, kó lọ wo Raptors 905 ní Mississauga. Ẹgbẹ́ yẹn ni Pascal Siakam wà nígbà tí wọ́n gba ife D-League, ìdíje kékeré abẹ́ NBA tí wọ́n ń pè ní G League báyìí, lọ́dún 2017, ọdún méjì kó tó bá Raptors gba ti NBA. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gidi ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré gan-an.

Ohun tó kù ni àbọ̀ òru. Apá tó pọ̀ jù nínú àsìkò NBA, láti oṣù kẹwàá títí dé oṣù kẹrin, bọ́ sí àsìkò òjò dídì, èyí tí adágún Erie sì ń mú wá sí Buffalo máa ń ti ọ̀nà pa. Òtẹ́ẹ̀lì wà ní Hamilton àti St. Catharines, lójú ọ̀nà ilé yín gan-an. Owó òtẹ́ẹ̀lì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ kí ẹ tó yan ìjókòó.