Ẹ má fi “a dúpẹ́” kọ fọ́ọ̀mù PHQ-9
Ẹ̀yin ará wa ní England, bí ìrònú bá ń gba oorun lójú yín, tí ẹ sì ti ní GP (dókítà àdúgbò), ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra yín fún NHS Talking Therapies, ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni.

Fọ́ọ̀mù PHQ-9 tí wọ́n máa ń fún wa kọ níbẹ̀, láti mọ bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe pọ̀ tó, la ti máa ń ṣì í. Ìbéèrè 9 ni, lórí ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá. 0 (kò ṣẹlẹ̀ rárá) sí 3 (ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́) ni ìdáhùn. “A dúpẹ́” ti mọ́ wa lára débi pé 0 la máa ń mú, wọ́n á sì rò pé ara wa le. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo òru lẹ kì í sùn, ẹ jọ̀ọ́, 3 ni kí ẹ mú.

Bí wọ́n bá pè yín lẹ́yìn tí ẹ forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà wọn lè má hàn lórí fóònù. Ẹ gbé e. Bí ẹ bá ń ronú àtipa ara yín, ẹ pe 111, kí ẹ tẹ 2. 999 bí ewu bá ti dé.