Bí A Ṣe Ń Lo Òpin Ọ̀sẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́ Lórí Kánáàlì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kò sí odò tí ọkọ̀ ń ná láàárín ìlú Ìbàdàn. Àkúnya ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ Ògùnpa, pàápàá ti ọdún 1980. Nítorí náà, bí ọmọ tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá sọ fún àwọn òbí tí wọ́n wá kí i pé kí wọ́n jọ háyà ọkọ̀ ojú omi láti ọ̀sán Jímọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ kánáàlì, omi rẹ̀ kì í sáré, àti pé ní ọ̀pọ̀ ibi, kò ga ju àyà àgbàlagbà lọ. Nítorí èédú ni wọ́n ṣe gbẹ́ ti Bridgewater, tí wọ́n ṣí ní 1761 láti máa kó o lọ sí Manchester. Ẹṣin ni ó ń fa ọkọ̀ nígbà náà, ọ̀nà tí ẹṣin ń tọ̀ sì ṣì wà létí omi fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn.

Ọkọ̀ náà kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, ṣùgbọ́n ó lè gùn tó 70. Ibùsùn, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Ẹ kò nílò ìwé àṣẹ ìwakọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò kọ́ yín kí ẹ tó gbéra.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn jù. Ẹ ka iye máìlì, ẹ ka iye lọ́ọ̀kì, ìyẹn yàrá omi onílẹ̀kùn tí ó ń gbé ọkọ̀ sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ pa méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fi 3 pín in: iye wákàtí tí ìrìn náà yóò gbà ni ìyẹn. Máìlì 6 àti lọ́ọ̀kì 3 yóò gba wákàtí 3, ẹ ó sì tún padà gba ibẹ̀ bọ̀. Ní tèmi, wákàtí 4 lójúmọ́ ti tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó àgbàlagbà lọ sí Caen Hill, níbi tí lọ́ọ̀kì 29 ti tò jọ. Kánáàlì Llangollen dára jù, ṣùgbọ́n afárá Pontcysyllte ní Wales, tí omi kánáàlì àti ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ṣí ní 1805, ga ní nǹkan bíi mítà 38, kò sì sí irin ìdábòbò ní ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀. Kí ẹni tí òyì ń kọ́ gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí irin wà.

Bí ẹ bá ti ọ̀pá ìtukọ̀ sí òsì, ọ̀tún ni imú ọkọ̀ yóò yí sí. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ ó máa tọ̀ bí ẹ bá pàdé ọkọ̀ mìíràn. Eré tí òfin gbà kò ju máìlì 4 ní wákàtí kan lọ. Ẹni tí Máíkírà Ìbàdàn ti mọ́ lára yóò kọ́kọ́ máa kanra. Kò sí bíréèkì, nítorí náà rífáàsì ni a fi ń dúró. Ẹ dẹ eré bí ẹ bá ń kọjá lára ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, kí ìgbì má baà já èèkàn rẹ̀.

Lọ́ọ̀kì ni ibi tí ewu wà, pàápàá bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀kùn tí ó wà lẹ́yìn yín, pèpéle òkúta kan yọ síta, omi sì bò ó mọ́lẹ̀ títí tí yàrá náà yóò fi máa gbẹ. Bí ìdí ọkọ̀, ìyẹn ẹ̀yìn rẹ̀, bá gbé ka orí pèpéle náà, imú yóò máa lọ sílẹ̀, ọkọ̀ náà sì lè rì. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ara ògiri: ẹ rí i pé ìdí ọkọ̀ wà níwájú ìlà náà ní gbogbo ìgbà, kí ẹni tí ó ń fi irin ṣí ihò tí omi lọ́ọ̀kì ń gbà jáde sì máa wo ọkọ̀, kì í ṣe fóònù. Bí ohunkóhun bá há, kí ó tètè ti ihò omi náà pa. Ẹ má fò láti inú ọkọ̀ bọ́ sórí ilẹ̀, ẹ kàn gbé ẹsẹ̀ ni. Kí ọmọdé àti ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ ti dúró. Ẹ fi òòlù gbá èèkàn mọ́ etí omi, ẹ so okùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnì, nítorí pé kò bójú mu láti tàn án láàárín aago 8 alẹ́ sí aago 8 òwúrọ̀ nítòsí àwọn ẹlòmíràn. Sítóòfù gáàsì inú ọkọ̀ gba ìkòkò àmàlà dáadáa. Èlùbọ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ẹ má gbé ẹran láti ilé, nítorí pé wọn kò gbà á wọlé. Òtútù alẹ́ a máa mú kí àwọn ìyá wa fẹ́ fi aṣọ dí àwọn ihò atẹ́gùn. Ẹ má gbà fún wọn, nítorí pé èéfín tí kò ní òórùn lè pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹ má sá ìró tàbí gèlè sí ìdí ọkọ̀. Bí ó bá já sómi, yóò wé mọ́ fáàánù tí ó ń ti ọkọ̀, ẹ ó sì ní láti pa ẹ́ńjìnì, yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ ihò tí ó wà lókè rẹ̀ láti já a kúrò. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ sùn sí tòsí ibi tí ẹ ti gba ọkọ̀, nítorí pé òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ gbà á padà.