Bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ iná kékeré ṣí ọwọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ká jọ

Ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú sábà máa ń lè di nǹkan mú kí ó tó lè tú u sílẹ̀. Aláìsàn á gbá ife mú, ìka á wá kọ̀ kò ṣí. Ẹ̀rọ EMS, tó ń lo bátìrì, lè ta iṣan ẹ̀yìn apá jí kí ọwọ́ lè ṣí. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà o: TENS jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n ti dídín ìrora kù nìyẹn. Èyí tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ yan Hz (iye ìgbà tí iná ń ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), µs (bí ìta kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó), àsìkò tí iná fi ń wá àti àsìkò tó fi ń sinmi.

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí físíò, ìyẹn olùtọ́jú iṣan àti oríkèé. Ní Abẹ́òkúta, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà. Ẹ ní kí wọ́n fi báírò sàmì sí ojú ibi tí páàdì (èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ kí iná lè gba ibẹ̀ wọlé) máa wà, kí ẹ fi fóònù yà á. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láyà nítorí ọkàn, aboyún, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, egbò tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì ní apá náà kò gbọ́dọ̀ lò ó. Bí aláìsàn bá ní wárápá, ó di ohun tí dókítà fọwọ́ sí. Bí awọ apá bá ti kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn, iná lè jó o kó má mọ̀. Físíò ló máa sọ bóyá ó yẹ.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ apá, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi òrí tàbí àdí pa á, nítorí òróró kì í jẹ́ kí páàdì lẹ̀ dáadáa, iná á wá kó jọ sójú kan, á sì máa ta ni.

Ẹ gbé apá lé ìrọ̀rí lórí tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú bolẹ̀. Páàdì náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5. Ẹ lẹ ìkíní mọ́ ibi tó lẹ́ran lẹ́yìn apá, bí ìka méjì sísàlẹ̀ eegun ìgúnpá ti ẹ̀gbẹ́ ìta. Èkejì á wà ní bí ìka mẹ́rin sókè ọrùn ọwọ́. Kí wọ́n má kan ara wọn.

Ẹ fi í sí 35 Hz àti 250 µs. Kí iná wá fún ìṣẹ́jú àáyá 6, kí ó sinmi fún 15. Ẹ máa fi agbára iná kún un díẹ̀díẹ̀ títí ìka á fi là. Ìṣẹ́jú 10 tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ lè rọra gbé e dé 30.

Ibi tó ti máa ń wọ́ nìyí. Bí ọrùn ọwọ́ bá gbéra tí ìka sì túbọ̀ ká, ẹ sún páàdì èkejì díẹ̀ sí àárín apá. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ sí ọ̀nà àtàǹpàkò, ẹ sún páàdì méjèèjì ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí ọ̀nà ìka kékeré. Bí gbogbo ìka bá dì bí ẹ̀ṣẹ́, iná ti pọ̀ débi tó ń dé iṣan inú apá. Ẹ dín in kù. Tó bá ṣí dáadáa níbẹ̀rẹ̀ tó wá ń rẹ̀ ẹ́, ìsinmi ni kí ẹ fi kún, kì í ṣe iná.

Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe gbogbo èyí pé, tí wọ́n á wá jẹ́ kí bàbá máa wo tẹlifíṣọ̀n. Èrè rẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí iná bá ti ń wá, kí òun náà máa gbìyànjú tọkàntọkàn láti ṣí ọwọ́, kí ẹni tó jókòó tì í máa pè é pé, "Ẹ ṣí i, bàbá!" Iná wá: ọwọ́ ṣí, ó yí nǹkan ká. Iná lọ: ó dì í mú. Iná tún wá: ó tú u sílẹ̀. Adìrẹ Ìtòkú tí a ká jọ dára ju ife lọ láti fi bẹ̀rẹ̀, kì í yọ̀ bọ́. Òkèlè làfún ṣì jìnnà, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìka.

Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó ṣí páàdì. Pípọ́n tó lọ láàárín wákàtí kan kò burú; bí awọ bá lé, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ kán omi díẹ̀ sí ojú páàdì, ẹ dá a padà sára ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù, àgàgà nígbà ọyẹ́. Èyí tí etí rẹ̀ bá ti ń ká sókè, ẹ jù ú nù.

Ní gbogbo Sátidé, ẹ fi fóònù ya fídíò ọwọ́ náà bó ṣe ń gbìyànjú láti ṣí láìsí iná, kí ẹ sì gbé e dání lọ́jọ́ tí ẹ bá padà lọ rí físíò.